Ìwé Wo Ni Ẹ Ní Kí N Kà?

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ó bá ń tọ́jú ilé ìkàwé kò lè sá fún: "Ìwé wo ni ẹ ní kí n kà?" Ìbéèrè kékeré ni létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bi wá ti fi ohun ńlá lé wa lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ayé rẹ̀ ni, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nígbà tí ó yẹ kí ó sinmi. Bí ìwé tí a fún un bá dùn, yóò padà wá gba òmíràn. Bí kò bá dùn, kò ní bá wa jà. Yóò dá ìwé náà padà tẹ̀rín-tẹ̀rín, yóò ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí," a kò sì ní fojú kàn án mọ́.

Yàrá ìkàwé kékeré kan ni mò ń tọ́jú ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà lẹ́yìn odi ni wọ́n ń dá owó tí a fi ń ra ìwé. Pẹpẹ ìwé mẹ́fà ni a ní, tábìlì méjì, àwọn àga oníke, àti fáànù kan tí ó ń yí nígbà tí iná bá wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ń wá, àwọn àgùnbánirọ̀ ń wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ àti ti mẹkáníìkì ń wá, nọ́ọ̀sì ń wá, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì náà ń wá láti ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí owó ìwé bá dé, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí kí n ránṣẹ́ sí Èkó. Owó náà kò pọ̀. Bí mo bá ra ìwé kan, mo ti fi ìwé mìíràn sílẹ̀ nìyẹn, nítorí náà n kò lè máa fi ojú lásán yan ìwé.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè jù lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ka ìwé ìtàn kankan parí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ìwé tí wọ́n kà nígbà náà, kàn-ń-pá ni. Ṣùgbọ́n bí òkú kan bá wà ní ojú ìwé kìíní, tí a kò sì mọ ẹni tí ó pa á, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ní là. Ta ni ó ṣe é? Kí ni ó dé tí ó fi ṣe é? Ṣé wọn yóò mú un? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ènìyàn láti orí kan dé òmíràn, títí ẹni tí ó ní òun kì í ṣe òǹkàwé yóò fi rí i pé òun ti ka igba ojú ìwé.

Báwo ni mo ṣe wá ń mọ èyí tí ó yẹ kí n rà? N kò lè gbára lé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìwé, nítorí ẹni tí ó ń ta ọjà kò ní bú ọjà rẹ̀. Àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ń fúnni wà lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀ràn ní Amẹ́ríkà ni ó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Edgar, èyí tí wọ́n fi orúkọ Edgar Allan Poe pè, àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ni wọ́n sì ń ṣe adájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń wo iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú oníbàárà. Aránṣọ yóò yí ẹ̀wù sí òdì láti wo bí wọ́n ti rán an, ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó bá òun lára mu. Oníbàárà ni ẹni tí ó dúró níwájú tábìlì mi.

Nítorí èyí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn ń dìbò fún. Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni Anthony. Láti ọdún 1970 ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn ọ̀ràn ti ń ṣe àpéjọ ọdọọdún kan tí wọ́n ń pè ní Bouchercon, ní ìrántí Anthony Boucher, òǹkọ̀wé àti alárìíwísí ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú ní 1968. Ní ọdún 1986 ni àpéjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Anthony. Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún àpéjọ ni wọ́n ń dárúkọ ìwé tí wọ́n fẹ́; àwọn tí wọ́n bá sì wà níbẹ̀ ni wọ́n ń dìbò. Òmíràn ni Barry, tí àwọn òǹkàwé ìwé àtìgbàdégbà Deadly Pleasures ń dìbò fún. Ẹ̀kẹta ni Macavity, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mystery Readers International. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún tí ó tilẹ̀kùn mọ́rí nínú wọn. Ẹni tí ó ra ìwé, tí ó kà á, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ni ó ní ohùn.

Ìwé ọmọ ilẹ̀ wa kan ni ó jẹ́ kí n rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Ní 2018 ni Oyinkan Braithwaite gbé ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, My Sister, the Serial Killer, jáde. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Korede, nọ́ọ̀sì tí ó mọ́ tónítóní, ní àbúrò arẹwà kan tí ń jẹ́ Ayoola. Àwọn ọkùnrin tí ó bá fẹ́ Ayoola kì í pẹ́ kú, Korede ni a sì máa ń pè láti wá nu ẹ̀jẹ̀. Ní 2019, ìwé náà wọ àtòjọ ìwé mẹ́tàlá tí àwọn adájọ́ Booker kọ́kọ́ yàn, ṣùgbọ́n kò dé àárín mẹ́fà ìkẹyìn. Margaret Atwood àti Bernardine Evaristo ni wọ́n jọ pín ẹ̀bùn náà lọ́dún yẹn. Ní ọdún kan náà, nígbà tí Bouchercon pàdé ní ìlú Dallas, ìbò àwọn òǹkàwé gbé àmì-ẹ̀yẹ Anthony ti ìwé ìtàn àkọ́kọ́ fún Braithwaite.

Kí a má ṣi èyí gbọ́: n kò sọ pé òǹkàwé mọ̀wé ju adájọ́ lọ. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni kò dọ́gba. Adájọ́ ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ìwé yìí fi kún ohun tí a ti ń kọ bọ̀. Òǹkàwé ń béèrè pé ṣé mo lè gbé e sílẹ̀ kí n lọ sùn. Fún ọmọ iṣẹ́ tí ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, ìbéèrè kejì ni ó ṣe pàtàkì. Mo ra ìwé Braithwaite, mo sì rí i pé ẹ̀rí àwọn tí wọ́n dìbò kì í ṣe irọ́. Àwọn orí rẹ̀ kúrú, nǹkan kì í dúró sójú kan nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti gba orí afárá Third Mainland kọjá rí yóò mọ ibi tí òkú ti wọ omi.

Bí mo bá fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn ẹnì kan, n kì í sọ pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ lásán. Ọ̀rọ̀ "àmì-ẹ̀yẹ" máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù; wọ́n á rò pé ìwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo fẹ́ gbé fún wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Àwọn tí wọ́n ń ka irú ìwé yìí fún ìgbádùn ni wọ́n dìbò fún un." Nígbà náà ni wọn yóò na ọwọ́ gbà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà, ọmọ iṣẹ́ aránṣọ, tí kò na ọwọ́. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Àwọn wo gan-an ni wọ́n dìbò yẹn? Ṣé irú àwa yìí wà níbẹ̀?"

Mo dá a lóhùn pé bóyá ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ṣe nínú ìtàn ni ó ṣe yẹn. Bí ẹlẹ́rìí kan bá dìde sọ̀rọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í pè é ní òpùrọ́, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kíákíá. Yóò bi í pé: Níbo lo dúró? Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀? Kí ni kò jẹ́ kí o rí ẹ̀yìn ilé? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú ẹlẹ́rìí wo ìbò àwọn òǹkàwé. Ẹ̀rí wọn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí nìkan ni wọ́n ti lè rí nǹkan.

Níbo wá ni àwọn olùdìbò Anthony dúró sí? Ẹni tí yóò dìbò níbẹ̀ ní láti forúkọ sílẹ̀ fún àpéjọ, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú tàbí kí ó wa mọ́tò lọ, kí ó sì san owó ilé ìtura. Amẹ́ríkà ni a sábà máa ń ṣe é sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé tí ó ń jẹ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Goodreads ti ń ṣe ìdìbò ọdọọdún láti 2009, ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó sì ń kópa, ṣùgbọ́n kò sí òfin pé ẹni tí yóò dìbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìwé náà. Òǹkọ̀wé tí orúkọ rẹ̀ ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe lóore jù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbò kò lè jẹ́rìí sí ìwé tí wọn kò gbé síwájú rẹ̀.

Èyí ni ó mú mi yíjú sí pẹpẹ kẹfà wa, níbi tí àwọn ìwé Yorùbá wà. Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀ràn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ni ó ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn kiri nínú wọn. Kọ́lá Akínlàdé náà dá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Akin Olúṣínà, ẹni tí í fi ọgbọ́n àti sùúrù tú àdììtú ìpànìyàn nínú àwọn ìwé bíi Ta Ló Pa Ọmọ Ọba àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí wà nílẹ̀ kí Anthony tó wà. Kò sí àpéjọ kan ní Amẹ́ríkà tí yóò dìbò fún wọn. Bí mo bá fi àtòjọ àwọn olùborí ti òkè òkun nìkan ṣe atọ́nà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lè máa wọlé máa jáde lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́ta kí ó má gbọ́ orúkọ Lápàdé rí. Ẹ̀rí tí mo sì ní nípa Àjà Ló Lẹrù, ara ìwé náà ni ó wà: òǹtẹ̀ ọjọ́ ti kún káàdì rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, sẹlótéèpù ni ó so ó ró.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa pé kí òǹkàwé ní ohùn. Ní 1929, nígbà tí Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń kọ lẹ́tà nípa ayé ara rẹ̀, àwọn òǹkàwé kò dákẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n bá a kẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Kí ọdún 1930 tó parí, ìtàn náà ti di ìwé. Bí òǹkàwé bá fẹ́ràn ohun tí ó kà, yóò wá ọ̀nà láti sọ ọ́. Ohun tí ó kù fún àwa ni láti gbé àpótí ìbò síwájú rẹ̀.

A gbé e síwájú wọn. Agolo mílíìkì ni a lò. Mo to àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa sórí tábìlì, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, mo sì gbé agolo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ka ìwé kan tán tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ yóò ju hóró ẹ̀wà kan sínú agolo rẹ̀. Òfin méjì péré ni ó wà. Èkíní, kí o ka ìwé náà dé òpin. Bí mo bá sì bi ọ́ ní ìbéèrè kan nípa orí ìkẹyìn, kí o lè dáhùn. Èkejì, kí o kọ gbólóhùn kan sórí bébà péńpé pé irú ènìyàn wo ni kí n fún ní ìwé náà.

Agolo Àjà Ló Lẹrù ni ó kọ́kọ́ kún, ti Braithwaite sì ń lé e bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bébà péńpé yẹn wúlò fún mi ju ẹ̀wà lọ. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Fún ẹni tí iná kì í sí nílé rẹ̀. Orí kan kì í jẹ àbẹ́là tán." Òmíràn ní, "Ẹ má fún ẹni tí ó ń dá gbé." Olùkọ́ àgbà wa kọ̀wé pé kí n fún àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé Yorùbá kò ṣe é fi sọ ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọlọ́pàá. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tí ó bi mí léèrè lọ́jọ́sí kọ̀wé ní tirẹ̀ pé, "Fún ẹni tí ó ní àbúrò tí kò ṣe é bá wí." Hóró ẹ̀wà ń sọ fún mi pé ìwé dùn. Bébà ń sọ ẹni tí ó dùn mọ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, pàápàá nínú ìtàn ọ̀ràn. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìwé wọ̀nyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá wọlé tọ̀ mí wá ni ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àròsọ fún. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun kí n tó mú ìwé: "Ǹjẹ́ ohun kan wà tí ẹ kò fẹ́ bá pàdé nínú ìtàn?" Obìnrin kan, ìyàwó ilé tí ó ń ta aṣọ, dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo bi í. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé àwọn ọlọ́ṣà dá ẹ̀gbọ́n òun lọ́nà nígbà tí ó ń ti Èkó bọ̀, wọ́n sì pa á. Ọdún ti gorí ọdún, wọn kò mú ẹnikẹ́ni.

Mo kí i kú ará fẹ́ra kù, mo sì gbéra láti lọ sí pẹpẹ ìtàn ìfẹ́. Ó dá mi dúró. Ó ní, "Rárá, Àǹtí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ni mo wá gbà. Èyí tí wọ́n ti máa ń mú wọn ni mo fẹ́."

Kò sí àtòjọ olùborí kankan tí ó lè dá obìnrin yìí lóhùn. Bí ìbò gbogbo ayé bá wà lẹ́yìn ìwé Braithwaite, kì í ṣe òun ni kí n fún un lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀ lórí ikú, ọ̀rọ̀ ẹbí tí ó ń bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀ ni ó sì dá lé. Ìwé Akínlàdé kan ni mo mú fún un. Mo mọ̀ pé Akin Olúṣínà kì í fi ọ̀ràn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àti pé yóò tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí kí ìwé tó parí. Ó pẹ́ kí ó tó dá a padà. Nígbà tí ó dé, ó ju hóró ẹ̀wà kan sínú agolo, ó kọ bébà tirẹ̀, ó sì gba òmíràn. Ohun tí ó kọ ni pé, "Fún ẹni tí ó ń dúró de ìdáhùn."

Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, Ranganathan, tí ó gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ìkàwé ní 1931, kọ́ wa pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkàwé tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ mi ni pé kí n mú àwọn méjèèjì pàdé. Àmì-ẹ̀yẹ tí òǹkàwé dìbò fún ń ràn mí lọ́wọ́ láti dín ìwé ẹgbẹ̀rún kù sí mẹ́wàá, kí owó ọmọ ìlú má baà ṣòfò. Láti mẹ́wàá dé ọ̀kan, ẹnu ẹni tí ó dúró níwájú mi ni mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é, yálà ilé ìkàwé ni ẹ ní, tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́fà tí ń yá ara wọn ní ìwé. Bí ẹ bá rí ìwé tí a lẹ àmì-ẹ̀yẹ mọ́ níwájú, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Àwọn wo ni wọ́n dìbò? Ìwé wo ni wọn kò gbé síwájú wọn? Ǹjẹ́ mo mọ ẹnì kan tí ó jọ wọ́n? Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìbò tiyín sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé Yorùbá sí i. Agolo kò wọ́n, ẹ̀wà kò sì ní ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Kí ẹ ṣáà rí i dájú pé ẹni tí yóò ju hóró tirẹ̀ sínú agolo ti ka ìwé náà tán.